Ọwọ́ Maciu

Ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé wa nílùú Suva, àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kì í móoru. Ẹ jókòó sí i látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bó ṣe tutù lẹ máa fi í sílẹ̀. Àga mi nìyẹn. Ẹ má tíì wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, mi ò tíì débì kankan.

Ọ̀rọ̀ Maciu ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ erékùṣù Kadavu ni, ìjọba ló ń rán an nílé ìwé, ó sì ti féèlì iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan lẹ́ẹ̀kan. Tó bá tún féèlì ẹ̀, ilé yá nìyẹn. Ìyá rẹ̀ sì ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ń di ẹnjiníà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, òjò ń rọ̀ bíi pé kò níbòmíì tó máa lọ. Maciu tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Losena, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ń kó ìwé sápò.

“Maciu, àwọn ẹja Kadavu ní kí n kí ẹ. Wọ́n ní àwọn ń retí ẹ.”

“Sọ fún wọn kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ ìwọ ná.”

“Egungun ni wọ́n máa bá. Jẹ ẹ̀gẹ́ ẹ, ó ti gan. Ìwọ nìkan ló kù o, pa fáànù tó o bá ń lọ.”

Ìwọ nìkan, ó ní. Mi ò bínú. Ó ti mọ́ mi lára.

Maciu yíjú, ó rí mi. Ẹni tẹ́rù bá bà dáadáa ló máa ń rí mi.

“Bọ̀ọ̀dá,” ohùn rẹ̀ wálẹ̀, “ẹ bá mi wo iṣẹ́ yìí. Kò fẹ́ dúró. Kerekere.”

Lọ́dọ̀ wa, bí ará ilé ẹni bá ti sọ ‘kerekere’, a kì í kọ ohun tó bá tọrọ. Àmọ́ tí ìwọ náà bá tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní lè kọ̀ fún ẹ. Ohun tó o bá sì gbà, ọwọ́ ẹ ló ń wà títí olóhun á fi fẹnu ara rẹ̀ bèèrè.

Mo sún mọ́ ọn. Ó fa imú.

“Ṣé ẹ lọ sókun lónìí ni?”

“Ó ti pẹ́.”

Iṣẹ́ tó kọ sórí kọ̀ǹpútà ń pe ara rẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ó tún ń pe ara rẹ̀, kò lópin.

“O ò sọ ibi tó máa dúró fún un,” mo ní. Ìlà kan péré la fi kún un. Ó dúró. Maciu rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

“Kí ni mo lè ṣe fún yín?”

“Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, mò ń bọ̀ wá ṣèdánwò yìí kan náà nígbà tí ọkọ̀ wa rì. Yá mi ní ọwọ́ rẹ lọ́la. Kerekere.”

Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ abẹ́ mi, bóyá ó ń wá òjìji. Àmọ́ wọ́n tọ́ ọmọ náà dáadáa.

“Ó dáa,” ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọwọ́ ni mo tọrọ lóòótọ́. Ẹ̀yin náà, ta ló rí ọwọ́ tó dá lọ ṣèdánwò rí? Ọwọ́ ní apá, apá ní èjìká.

Máàkì méjìdínláàdọ́rùn-ún. Ìyá rẹ̀ sunkún lórí fóònù, mo ń dá a lóhùn, “Ẹ ṣé, Màmá.” Losena nìkan ló ń wò mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

“Maciu, mo bú ẹ lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. O ò bú mi padà.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ara wọn.

Mi ò burú o. Tí Maciu bá bèèrè nǹkan rẹ̀, kíákíá ni màá dá a padà. Mo máa ń rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń gbìyànjú gan-an. Àmọ́ ẹnu tó yẹ kó fi bèèrè, òun ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.