Ogójì Igi Pèrègún

Òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Wásinmi nígbà tí Rótìmí rí ọ̀dọ́bìnrin kan tó bọ́ bàtà sọ́wọ́, tó ki ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀, tó ń fa ewé òdòdó mọ́ ewúrẹ́ kan lẹ́nu. Ewúrẹ́ ń fà, òun náà ń fà. Aṣọ funfun tó wọ̀ ti pọ́n títí dé orúnkún, ṣùgbọ́n kò wo aṣọ rárá.

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún un, mà," Rótìmí sọ láti ẹ̀yìn. "Ó ti jẹ ẹ́ tán."

"Kò tíì jẹ ẹ́ tán! Ta ló tiẹ̀ ni ọgbà yìí, tó fi ewúrẹ́ ṣe ọ̀gá?"

"Èmi ni."

Ojú ti ọmọbìnrin náà. Ó jọ̀wọ́ ewé, ewúrẹ́ sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, ẹ̀rín sì pa wọ́n.

Olúwadùnsìn lorúkọ rẹ̀, apoògùn ni ní Ìkirè, Èkó ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Rótìmí ní tirẹ̀ ń gbin ọmọ kòkó, ọmọ ọsàn àti oríṣiríṣi igi òdòdó sínú ọ̀rá, ó ń tà wọ́n fún àwọn tó ń kọjá lójú títì. Dùnsìn ní òun fẹ́ nǹkan tí kò ní tètè kú, tó máa bu ẹwà kún ọ̀nà etí odò ládùúgbò àwọn. Rótìmí kó ogójì ọ̀pá pèrègún fún un.

Ó yẹ kó béèrè ibi tó fẹ́ gbìn ín sí. Ọmọ oko ni, ó mọ̀ pé pèrègún ni àwọn àgbà fi ń pààlà ilẹ̀, èèyàn kì í sì kàn án mọ́lẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ Dùnsìn tó jìn nígbà tó bá rẹ́rìn-ín ló gbà á lọ́kàn. Mi ò bá a wí. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn náà kò ní bá a wí.

Ọgbà Ìtura ni wọ́n ń pe ẹ̀sìtéètì tí Dùnsìn àti bàbá rẹ̀, Ẹnjiníà Afọláyan, ń gbé, láàárín Ìkirè àti Àpòmù. Ilé olówó ló kún ibẹ̀. Igi tíkì àti igi furúùtù bo títì débi pé oòrùn ọ̀sán kì í kan ilẹ̀. Nísàlẹ̀, ọgbà ìgbafẹ́ kan tẹ́ lọ títí dé etí Ọ̀ṣun, pẹ̀lú koríko gígé àti àga onígi tí èèyàn lè jókòó sí kó máa wo omi. Lápá Àpòmù, kò sí ògiri. Oko kòkó ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹnjiníà ń tọ́jú ojú ní Ìbàdàn nígbà náà. Dùnsìn fẹ́ kó bá nǹkan tó rẹwà nílẹ̀ tó bá dé, ló bá gbin ogójì pèrègún lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ kan lábẹ́ ìbòòji, tí ó rò pé ti ẹ̀sìtéètì ni. Kò mọ̀ pé inú oko ẹlòmíràn lòun wà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ fi máa dé, ìfẹ́ ti gba Dùnsìn lọ́kàn, kò rántí sọ ọ́ mọ́.

Torí Sátidé kan kò kọjá kí Rótìmí má wá. Moses, ọlọ́dẹ ẹnu géètì, á mú ìwé rẹ̀, á fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ tún ti dé! Kí ni kí n kọ, àlejò àbí ọmọ ilé?"

"Ṣì máa kọ àlejò," Rótìmí á ní. "Ó ku díẹ̀."

Ó ku díẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀, wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé kí àwọn òbí lọ rí ara wọn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ẹnjiníà, tó jẹ́ alága àwọn onílé, rìn dé apá Àpòmù torí ó fẹ́ fẹ ọgbà ìgbafẹ́ náà lójú sí i. Ó bá pèrègún tó ga ju èèyàn lọ, tó tò gún régé. Inú rẹ̀ dùn. Ó kọ lẹ́tà sí Baálẹ̀ pé òun ti rí ààlà àtijọ́, pé gbogbo kòkó tó wà lápá ìhín pèrègún náà, ti ẹ̀sìtéètì ni, àwọn á sì gé e ní Mọ́ńdè.

Ta ló wá ni kòkó? Àbíkẹ́, ìyá Rótìmí, opó tí bàbá tó bí i fi oko náà sílẹ̀ fún, tí ó sì ti pẹ́ tó ti dé apá ibẹ̀ kẹ́yìn.

"Wọ́n ti gbin ààlà sí àárín oko mi!" ó pariwo fún ọmọ rẹ̀. "Bàbá ọmọ tí o ní ò ń fẹ́ yẹn ni! Gbọ́ o, Rótìmí. Bí mo bá ṣì wà láyé, o ò ní fẹ́yàwó nílé olè ilẹ̀."

Nígbà tí Ẹnjiníà gbọ́ pé ìyá Rótìmí ló ni oko náà, kò gbẹ́nu dákẹ́ ní tirẹ̀. "Ṣé o ti wá rí i, Dùnsìn? Ilẹ̀ ni ọmọ yẹn ń wá kiri, kì í ṣe ìwọ."

Nírọ̀lẹ́ Furaidé, Rótìmí bá Dùnsìn lórí àga etí odò. Kò jókòó.

"Ta ló gbin pèrègún yẹn, Dùnsìn?"

Dùnsìn ń wo omi. "Èmi ni. Mo rò pé òdòdó lásán ni. Ìwọ lo sì tà á fún mi!"

"Mo mọ̀. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, màmá mi á ní mo fi ilẹ̀ bàbá òun fẹ́yàwó."

"Tèmi ńkọ́? Dádì ti sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé ààlà àtijọ́ ni. Bí mo bá lanu, mo ti dójú tì í. Èmi nìkan ló bí, Rótìmí. Jọ̀ọ́, olólùfẹ́ mi, jẹ́ ká ṣì dákẹ́ ná. Ó máa rọlẹ̀."

"Wọ́n á gé kòkó ní Mọ́ńdè, o ní kó rọlẹ̀?" "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Ọlọ́run ló mọ̀ bó ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n mi ò lè fẹ́ ọ lórí irọ́. Lọ́la tí Baálẹ̀ bá pè wá jọ, màá sọ tèmi. Tìrẹ wà lọ́wọ́ rẹ."

Ó yí padà, ó lọ. Dùnsìn sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Láàárọ̀ Sátidé, Baálẹ̀ Tàjùdíìnì kó ìhà méjèèjì jọ sídìí pèrègún. Àwọn onílé dúró lọ́tùn-ún, àwọn ará oko lósì, kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lágbègbè yẹn, ẹni tó bá ní òun bá ààlà nílẹ̀ gbọ́dọ̀ di pèrègún mú, kó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ búra.

Ẹnjiníà kò fi falẹ̀. Ohun tó gbàgbọ́ ló fẹ́ sọ. Ó tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́. Rótìmí lanu, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti ṣáájú rẹ̀.

"Dádì, ẹ má búra!"

Dùnsìn já láàárín èrò, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ó sì di ọwọ́ náà mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀mí yín búra. Èmi ni mo gbìn ín. Nígbà tí ẹ wà ní Ìbàdàn. Mi ò mọ̀ pé ààlà ni wọ́n ń fi í pa."

Ẹnì kan láàárín àwọn ará oko rẹ́rìn-ín ìyàngì. Ojú Ẹnjiníà ṣókùnkùn.

"Èmi ni mo tà á fún un, Màmá," Rótìmí sọ. "Mi ò bi í léèrè ibi tó fẹ́ gbìn ín sí."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí i. "O ò bi í? Ìwọ ọmọ oko?"

"Ojú rẹ̀ ni mò ń wò, Màmá."

Èrò bú sẹ́rìn-ín, Baálẹ̀ pàápàá fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Rótìmí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn dé iwájú Dùnsìn, ó dúró lé e lórí.

"Ìwọ lo gbìn ín?"

"Èmi ni, mà. Ẹ foríjì mí."

"Hú u."

Dùnsìn dìde. Ó di èkíní mú, ó fi gbogbo ara fà á, kò mì. Ó fi ọwọ́ gbẹ́ ìdí rẹ̀, ó tún fà á, ó tu. Nígbà tó dé orí ìkẹfà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Rótìmí sáré síwájú, ìyá rẹ̀ fi apá dí i lọ́nà.

"Jẹ́ kó dá a ṣe."

Ìkọkànlá. Ìkejìlá. Ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ. Àwọn èèyàn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà náà ni Ẹnjiníà ṣí fìlà, ó gbé e fún Moses, ó ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó di pèrègún mú, ó fà á. Ìyá Rótìmí wò ó, kò dá a dúró. Bàbá àti ọmọ hú u títí ó fi tán.

Ìyá Rótìmí tú ìborùn rẹ̀, ó ya etí aṣọ náà, ó fa ọwọ́ Dùnsìn sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í.

"Pẹ̀lẹ́," ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Pẹ̀lẹ́, ìyàwó wa."

Dùnsìn gbọ́ ọ, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Rótìmí náà gbọ́ ọ.

"Ẹnjiníà," obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ láìgbójú sókè, "ọjọ́ wo lẹ máa wà nílé? A ní nǹkan tí a fẹ́ wá tọrọ."

Ẹnjiníà ń nu iyẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́. "Ìyá, lẹ́yìn ohun tí mo fẹ́ ṣe fún yín yìí?"

"Ẹ fẹ́ ṣe é, ẹ ò ṣe é. Mo kà á. Ẹ̀yin nìkan lẹ hú mẹ́rìndínlógún."

Ẹnjiníà gbé ojú sókè wò ó, lẹ́yìn náà ó wo ọmọ rẹ̀, tí ó ti ń wo Rótìmí láti àárín omijé. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ wá ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá," ó wí. "Kí ọmọ yín máa ṣáájú yín bọ̀."

Ọjọ́ ìdọ̀bálẹ̀ kò tíì pé, ṣùgbọ́n Rótìmí kò lè dúró dè é. Ó na gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀ níwájú Ẹnjiníà, pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀ wá sípàdé. Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ oníyẹ̀pẹ̀ dì í léjìká mú, ó fà á dìde, ó sì fi ọwọ́ Rótìmí lé ọwọ́ Dùnsìn.