Ohun Tí Tegan Fi Ra Apá Irin

“Tegan, Rory dà?”

Ìyá rẹ̀ ló ń béèrè lórí fóònù. “Ọ̀dọ̀ rẹ ló ní òun ń lọ láti ọjọ́ Ajé!”

Tegan pa fóònù. Ó yí ilé tuntun rẹ̀ tó kọjú sí òkun ká. Kò séèyàn. Àga onígi kan ló ń dún kẹ́kẹ́ lójú ọ̀nà, àga tí kò rántí ìgbà tó rà á. Ó fẹsẹ̀ tì í dànù.

Ó dá a lójú: Mardle ló jí àbúrò òun!

Ní Port Kembla, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù alápatà kan tó ti kógbá sílé, ni Mardle ti ń darí eré nínú yàrá ẹran dídì. Wọn á jókòó yí tábìlì ká, wọn á máa fẹnu gbé ayé ọjọ́ iwájú, oníkálukú pẹ̀lú akọni tó ń ṣe nínú eré náà. Ẹni tó bá ra ẹ̀yà irin fún akọni rẹ̀, díẹ̀ á kúrò nínú ìwà ènìyàn akọni náà. Níbòmíràn, orí ìwé lásán ni. Lọ́dọ̀ Mardle, irin ń hù lára ẹni tó ń ṣeré.

“Agbára, ọgbọ́n, ìyọ́nú,” Mardle ti sọ fún Tegan lọ́jọ́ tó wá ra apá irin. “Èwo ni o máa fi sanwó?”

Tegan bú sẹ́rìn-ín. Ta ni ò mọ̀ nínú àwọn eléré pé ìyọ́nú ni wọ́n ń sọ nù? Kì í yìnbọn, kì í ṣílẹ̀kùn.

“Ẹ mú ìyọ́nú! Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?”

Rory, tó ń jẹ páì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fìgúnpá gún un. “Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ò wúlò kì í ní oníbàárà o.”

“Jẹ páì ẹ, ẹlẹ́nu gbọọrọ.”

Mardle dìde. “Iná kì í bẹ igi. Ọ̀bẹ kì í kí ẹran. Ojú irin, là! Apá irin, yọ!”

Ojú òsì Tegan já sórí tábìlì, ó yí gbirigbiri bíi dáìsì. Irin gún èjìká rẹ̀ yọ bí eyín ìkókó. Ó ké títí ohùn fi há. Lọ́jọ́ kejì, ojú irin ń rí ibi tí owó máa gbà kí owó tó dé ibẹ̀.

Lónìí, lẹ́yìn ìpè ìyá rẹ̀, Tegan já wọ yàrá Mardle lọ́sàn-án gangan.

“Ìwọ àgbàyà yìí! Àbúrò mi dà?”

“Ṣé mo fọwọ́ kàn án ni?” Mardle ń tayín. “Òun ló tẹ̀ lé ọ wọlé yẹn.”

“Irọ́ burúkú!”

Ó yíjú. Àga onígi yẹn náà ló dí ẹnu ọ̀nà, ó ń dún kẹ́kẹ́, kẹ́kẹ́. Ìbínú kò jẹ́ kó béèrè bó ṣe dé ibẹ̀. Ó gbé apá irin sókè, ó sì là á mọ́lẹ̀.

Omi gbígbóná ta sí i lójú.

“O ṣé o,” ni Mardle wí. “Ẹ̀jẹ̀ ni mo ń retí láti ọjọ́ yìí. Ìyọ́nú rẹ nìkan ló dínà rẹ̀. Gbà á padà, mi ò nílò ẹ̀ mọ́.”

Ọkàn Tegan là bí ilẹ̀kùn.

Àga kankan kò fìgbà kan sí níbẹ̀. Rory ló nà gbalaja sílẹ̀, orí rẹ̀ ti fọ́, páì méjì lọ́wọ́ rẹ̀: tirẹ̀, àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.