Patanmọ́ Ìyá Àgbà

Ìdúró ni Sàlàhúdíìnì wà tó fi sùn lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ọkọ̀ Èkó ní Ṣàpọ́n, ó fara ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí Làtífátù ti ń ta bọ́tìnì àti síìpù, ló bá ń hanrun.

"Bọ̀dá, bọ́tìnì lẹ fẹ́ rà ni àbí oorun?"

Ó lajú. "Oorun wà? Ẹ bá mi wọn ọ̀pá méjì."

Làtífátù rẹ́rìn-ín títí bọ́tìnì fi dà nù lọ́wọ́ ẹ̀. Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Èkó ni Sàlàhúdíìnì ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ló ń lọ tó ń bọ̀. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ débi pé tó bá fẹ́ pe "olólùfẹ́ mi," orí "olólù" ló máa ń sùn sí. Ó ń rẹ Làtífátù náà láti máa dúró dè é. Síbẹ̀, ó fẹ́ràn ẹ̀ dọ́kàn.

Ìyá àgbà Làtífátù ní Òwu, Àlàájà Àfúsá, nìkan ló kù tí ò tíì gbà. Ìyá yìí gbin patanmọ́ sínú ike ọ̀dà kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Lójú ẹlòmíì, koríko lásán ni. Òdòdó ẹ̀ ò ju bọ́tìnì lọ, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó rí múlọ́múlọ́ bí òwú, ẹ̀gún sì wà lára igi ẹ̀. Tó o bá fọwọ́ kan ewé ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, á pa, á ká ara ẹ̀ jọ, á sì dorí kodò bí ìyàwó tuntun.

"Ìtìjú wà lára ìgbàgbọ́," Ìyá àgbà a máa wí. "Ewé yìí mọ onítìjú. Kí ọmọ yẹn wá fọwọ́ kàn án. Tí ò bá pa, kó má padà wá mọ́."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí Sàlàhúdíìnì ń bọ̀, Làtífátù lọ lóṣòó sídìí ike náà. Ó fọwọ́ kan patanmọ́, ó pa. Ó dúró kó ṣí, ó tún kàn án. Ó ní kóun tún wò ó sí i. Báyìí ló ṣe látàárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àìlà.

Sàlàhúdíìnì dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó rántí dìde.

"Ó yá," ni Ìyá àgbà wí.

Ó fọwọ́ kan ewé. Ewé ò mira. Ó tún kàn án. Ewé tẹ́ bí ẹní.

"Àúsù bíllàhi! Kò nítìjú!"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ó jọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni," Sàlàhúdíìnì ní.

"Kí ló rẹ ewé? Ṣé Èkó lòun náà ti ń ṣiṣẹ́ ni?" Ìyá yíjú sí Mọ́ṣúdù, bàbá Làtífátù. "Ìwọ, kàn án kó rí i."

Mọ́ṣúdù kàn án. Kò pa. Ìyá fúnra wọn kàn án. Kò pa.

"Ṣé kò wá sí onítìjú kankan nínú ilé yìí ni?"

Làtífátù mọ̀ pé tóun bá sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n máa pè ní aláìnítìjú. Àmọ́ Sàlàhúdíìnì ti ń wá bàtà ẹ̀. Làtífátù kúnlẹ̀.

"Èmi ni, Ìyá àgbà. Mo ti ń fọwọ́ kàn án látàárọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ kọ̀ ọ́. Ó jọ pé ọwọ́ èèyàn ti mọ́ ọn lára, kò kà á sí mọ́."

"Nítorí ọkùnrin?"

"Mo fẹ́ ẹ, Ìyá."

Ó ká ara ẹ̀ jọ sábẹ́ ìbòrí. Ìyá àgbà rọra fọwọ́ kan èjìká ẹ̀, ó tún ká jọ sí i.

"Èyí tó ń pa rèé," ni Ìyá wí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu wọn. "Mọ́ṣúdù, dá ọjọ́ fún wọn."

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n so yìgì, torí ibi iṣẹ́ ò fún Sàlàhúdíìnì láyè míì. Nígbà tílẹ̀ Mọ́ńdè mọ́, Làtífátù bá a gbé báàgì dé ìdí ọkọ̀. Ó rẹ àwọn méjèèjì tẹnutẹnu.

"Má sáré bọ̀, olówó orí mi," ó ní. "Ibi tó o máa padà sí ti wà."