Ọ̀rọ̀ tí Ọlákẹ́mi Yí Padà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ àwọn sọ́jà gúnlẹ̀ sí etí ọ̀sà Ajah, kùrukùru bo ojú omi débi pé ńṣe ni ọkọ̀ náà dà bí ohun tó ń fò bọ̀ láti òfuurufú. Ọdún 1967 ni, ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ìhà ìlà oòrùn. Kò tíì sí títì kankan láti Ìkátẹ̀ dé Ìbẹ̀jú nígbà náà. Iyanrìn ni, àti igi àgbọn, àti ipa ẹsẹ̀ tí ìgbì òkun ń pa rẹ́ bí ẹni ń pa irọ́ rẹ́. Sájẹ́ǹtì kan dúró lórí agbọ̀n ẹja, ó ní ìjọba ń wá ọkùnrin tí àyà rẹ̀ kì í já. Kí oòrùn tó ká kùrukùru náà kúrò, Bíọ́dún apẹja ti fi orúkọ sílẹ̀.

Ilé ìsìn Bàbá Odùbánjọ ló gbà lọ tààrà. Ọlákẹ́mi, ọmọ bàbá náà, ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Òun àti Bíọ́dún ń fẹ́ra sọ́nà, àwọn òbí sì ti mọ̀ sí i.

Bàbá Odùbánjọ ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀wù funfun kan náà ló ń wọ̀ ní òjò ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pá ọparun àti imọ̀ ọ̀pẹ ló fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sáàárín àwọn igi àgbọn. Níbẹ̀, a kì í jó, a kì í pàtẹ́wọ́, obìnrin kì í fi yẹtí sétí, òórùn ẹmu kò sì gbọdọ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ará Ajah, tí púpọ̀ wọn jẹ́ mùsùlùmí, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí àgbọn bá já bọ́ lásìkò ìwàásù, Bàbá á wò ó bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un, nítorí ohun tó bá ní kí ẹlòmíràn má ṣe, òun náà kì í ṣe é.

Bíọ́dún dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú òwúrọ̀, Bàbá. Àwọn sọ́jà ti mú mi. Mo wá kí ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí."

"Wọ́n mú ọ ni, àbí ìwọ lo fa ara rẹ kalẹ̀?"

"Èmi ni mo fa ara mi kalẹ̀, sà. Wọ́n ní ilẹ̀ wa fẹ́ fọ́. Mi ò lè máa da àwọ̀n lásán."

"Ọwọ́ mi kò ní gbé lé orí ẹni tó ń lọ pa ọmọ ìyá rẹ̀. Dìde, máa lọ."

Ọlákẹ́mi sìn ín dé etí omi. Nígbà tí ọkọ̀ náà yí orí padà, ó rí ẹ̀yìn orí Bíọ́dún láàárín orí púpọ̀, lẹ́yìn náà kùrukùru gbé gbogbo wọn mì. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá jí ní ìdájí, a máa rò pé ó rí ẹnì kan tó ń rìn bọ̀ lórí ọ̀sà, láìsí ọkọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tutù. Ẹni náà kì í gúnlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwàásù lòdì sí ogun. Àwọ̀ funfun kan ti bo ẹyin ojú rẹ̀, kò ríran kàwé mọ́. Òun ló ń sọ ọ́, Ọlákẹ́mi ló ń kọ ọ́. Ó bú àwọn tó dá ogun sílẹ̀, ó bú àwọn tó ń jà á, ní ìhín àti ní ọ̀hún. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kì í mọ ẹ̀yà tó ti ṣàn wá. Ọlákẹ́mi á dà á kọ sínú ìwé mélòó kan, á sì kó wọn fún Sàdíátù, obìnrin mùsùlùmí tó ń gbé ẹja yíyan lọ sí Èkó, kí ó lè pín wọn níbẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ pé wọ́n ń yẹ ẹrù wò ní èbúté?" Sàdíátù bi í.

"Ṣé ẹ ò ní gbé e lọ mọ́ ni, Ìyá?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìdí ẹja ni mo ń tì í sí. Bàbá rẹ le jù fún mi, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ nípa ogun yìí, Ọlọ́run tí èmi náà ń kírun sí ló ń sọ ọ́."

Lọ́jọ́ kan, sọ́jà kan tú agbọ̀n náà. Ó kó ẹja tó sanra, ó fi ìwé sílẹ̀. Sàdíátù fi ìyẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi délé.

Ogun náà pẹ́. Bí ó ti ń pẹ́ ni ọ̀rọ̀ Bàbá ń le sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ní ọdún kejì, ó ní kí ọmọ òun kọ pé: "Ẹni tó bá ti ojú ogun dé, kí ó má ṣe fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilé yìí. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Ọwọ́ Ọlákẹ́mi dúró. Òkun ń hó lọ́hùn-ún, ó sì dà bí ẹni pé ó gbọ́ orúkọ Bíọ́dún nínú ìró rẹ̀.

"Ṣé o ti kọ ọ́?" Bàbá bèèrè.

"Mo ti kọ ọ́, Bàbá mi," ó fèsì, bẹ́ẹ̀ ohun tó kọ kọ́ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó dìde láti kà á fún ìjọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó gbé ohùn sókè. Ó kà pé: "Ẹni tó bá ti ojú ogun dé, ẹ má bi í léèrè ohun tó ṣe. Ẹ jẹ́ kó wọlé kó jókòó."

Bàbá gbé orí sókè. "Ta ló kọ ìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá mi."

Gbogbo ìjọ tẹrí ba bí ẹni ń retí àrá. Bàbá Odùbánjọ, tí kò gba ìgbọràn ìdajì rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Tún un kà," ó wí.

Ó tún un kà. Bàbá jókòó. Kò wàásù lọ́jọ́ náà, kò sì ní kí wọ́n kọ nǹkan kan fún oṣù púpọ̀. Kò bá ọmọ rẹ̀ wí. Bẹ́ẹ̀ ni kò bá a sọ̀rọ̀ ju kí ó dáhùn ẹ kú àárọ̀ àti ẹ kú alẹ́ rẹ̀ lọ. Èyí dun Ọlákẹ́mi ju ẹgba lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 1970, rédíò ní ogun ti parí. Bíọ́dún kò dé títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tó dé, ọ̀pá ló fi ń rìn, ó sì rù tó bẹ́ẹ̀ tí Sàdíátù tó kọ́kọ́ rí i lẹ́bàá omi fi kí i bí àjèjì. Ó ń wá sí ilé ìsìn ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Kì í kọrin. Kì í ṣe àmín. Ọlákẹ́mi á bu oúnjẹ fún un, á jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀, á máa wo òkun.

Bàbá Odùbánjọ ti fọ́jú tán nígbà náà. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó dá orin dúró láàárín.

"Bíọ́dún," ó ní, "kí lo rí lọ́hùn-ún?"

Ọkùnrin náà gbójú kúrò lára òkun. "Bàbá, a wọ abúlé kan. Gbogbo wọn ti sá, àfi bàbá arúgbó kan. Kókò sísun kan péré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bù ú sí méjì, ó nawọ́ ìdajì sí mi."

"Ṣé ó mọ̀ pé ọ̀tá ni ọ́?"

"Aṣọ ogun wà lọ́rùn mi, sà. Ìbọn wà lọ́wọ́ mi. Ó mọ̀."

"Kí lo ṣe sí i?"

"Mo jẹ ẹ́. Mo dúpẹ́. Mo kọjá lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ni mi ò mọ ohun tí wọ́n ṣe. Mo gbọ́ ìró ìbọn, Bàbá. Mi ò yíjú padà."

Atẹ́gùn ń mi imọ̀ ọ̀pẹ lókè.

"Ọlákẹ́mi," Bàbá wí nígbẹ̀yìn, "mú bírò. Kọ ohun tó sọ yìí. Má fi ẹsẹ Bíbélì kankan kún un. Má yọ nǹkan kan."

"Kí n kọ orúkọ yín sábẹ́ rẹ̀, Bàbá mi?"

"Rárá. Kì í ṣe èmi ni mo wàásù lónìí."

Òun ni ìwé tí Bàbá Odùbánjọ ní kí wọ́n kọ kẹ́yìn láyé rẹ̀. Rédíò ti ní ogun parí láti ìgbà ọyẹ́, àmọ́ ní ilé ìsìn ọparun yẹn, ọjọ́ náà gan-an ló tó parí. Bàbá dìde, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, sí ibi tó rò pé ọkùnrin náà wà. Ó ṣì í. Ibi tí kò sí ẹnì kankan ló na ọwọ́ sí. Bíọ́dún gbé ọ̀pá rẹ̀, ó rìn láti ẹnu ọ̀nà wá láàárín àwọn èèyàn tó ń sún fún un, ó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, ó sì gbé orí rẹ̀ wá sábẹ́ àwọn ọwọ́ náà.