Oúnjẹ Ẹni Kẹrin

Kí la ti mọ̀ nípa aṣálẹ̀? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó o jọ. A mọ̀ pé òjò kì í sábà rọ̀ níbẹ̀. A mọ̀ pé oòrùn ọ̀sán ibẹ̀ kò ṣeé fojú di. A mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ gbé omi púpọ̀ dání. Ó dáa. Ẹ fi ti omi yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. N kò bù mọ́ ọn, n kò sì yọ níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó ṣojú wọn ṣì wà láyé, ẹnu wọn sì kò.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Adédọ̀tun ń ṣe ní Irving, ní ìpínlẹ̀ Texas, ṣùgbọ́n Forney ló ń gbé, níbi tí ilé tuntun ti ń hù bí olú. Ìyá rẹ̀, Màmá Adétóun, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìsẹ́yìn, wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀. Màmá ní àṣà kan. Bí wọ́n bá ń se oúnjẹ, wọn a máa fi ti ẹnì kan lé e.

"Mọ́mì, ta lẹ ń se èyí dè?"

"Àlejò."

"Ní Forney? Níbí, ẹni tí kò bá kọ́kọ́ pè lórí fóònù kì í kan ilẹ̀kùn."

"Àlejò tó bá kọ́kọ́ pè, ṣé àlejò nìyẹn? Ìpàdé nìyẹn."

Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá fi ya àwòrán aṣálẹ̀ sójú pátákó fún àwọn ọmọ iléèwé. Wọn kò fojú rí i rí. Nítorí náà, nígbà tó di oṣù kẹfà, Adédọ̀tun ní òun máa fi mọ́tò gbé wọn lọ sí ìwọ̀-oòrùn Texas. Fèyísọ́lá, ìyàwó rẹ̀, wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù. Àwọn mẹ́ta ló lọ: òun, Màmá, àti Jessica, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mọ́kànlá.

Màmá di ìrẹsì fún ẹni mẹ́rin. Ti ẹni kẹrin wà nínú ike áísíkiriìmù ńlá kan, oní gálọ́ọ̀nù kan gbáko. Wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ sórí ìdérí rẹ̀: *Ti Màmá. Ẹ má jù ú nù.* Fèyísọ́lá ni wọ́n ń bá wí.

Ike náà kò gba inú bùútù. Adédọ̀tun wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọ páálí omi kan, ó fi í sílẹ̀ ní gáréèjì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì lọ́nà. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n yà kúrò lójú ọ̀dà. Ọ̀nà ilẹ̀ ni wàyí, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, tó ń gbọn eyín ẹni lẹ́nu. Wákàtí méjì, wọn kò pàdé mọ́tò kankan. Fóònù kò gbé mọ́.

Ọ̀sán gangan, wọ́n dúró jẹun. Adédọ̀tun pa ẹ́ńjìnnì.

Ìdákẹ́jẹ́ dé. Kò sí ẹyẹ. Kò sí kòkòrò. Ó dà bíi pé ilẹ̀ náà di èémí mú.

Wọ́n jókòó sí òjìji mọ́tò. Màmá ṣí ìrẹsì wọn. Màmá gbójú sókè sí pápá òfìfo náà, wọ́n sì ṣe bí wọ́n ti ń ṣe láti kékeré.

"Ẹ wá jẹun o."

"Á gba ibi ire o."

Ohùn náà kò jìnnà. Kò le. Bí ohùn ẹni tó jókòó lẹ́yìn ògiri kejì ni.

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Jessica. "Daddy, who said that?"

Adédọ̀tun dìde. Ó yípo mọ́tò. Yanrìn. Òkúta. Igi ẹlẹ́gùn-ún tí kò ga dé orúnkún.

"Mọ́mì, ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ta ni?"

"Ẹni tó gbẹ̀kọ́ ilé ni."

Màmá gbé ike ẹni kẹrin, wọ́n gbé e ka orí òkúta pẹrẹsẹ kan.

"Mọ́mì, ẹni náà ló ní òun ò jẹ yẹn."

"Ẹni tó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú ló ń tì í. Gbé wa lọ."

Wọ́n lọ. Adédọ̀tun ń wo dígí ẹ̀yìn. Ó rí ike náà, funfun báláú, títí eruku fi bò ó.

Máìlì mọ́kànlá lẹ́yìn náà, èéfín funfun yọ níwájú mọ́tò. Omi rádíétọ̀ ti gbẹ. Adédọ̀tun ṣí bùútù. Ìgò omi kan ṣoṣo ló kù, kò sì kún. Ó wo ètè ọmọ rẹ̀. Ó ti ń bó.

"Nítorí ike yín yẹn ni!" Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀. "Mo fi páálí omi odidi kan sílẹ̀ nílé nítorí àlejò tí kò sí!"

Màmá rọra ṣí ìgò, wọ́n gbé e sẹ́nu Jessica. Wọn kò mu.

Ojú ti Adédọ̀tun. Ó ní kí òun lọ wo iwájú bóyá fóònù á gbé. Ó rìn dé ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́. Ó yà á.

Ike náà wà lórí òkúta pẹrẹsẹ.

Kì í ṣe ẹ̀yìn wọn o. Iwájú ni, níbi tí wọn kò tíì dé. Ó ka bírò pupa náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ojú ẹsẹ̀ nílẹ̀ àfi tirẹ̀. Ó fọwọ́ kan ìdérí. Ó tutù nini. Ó ṣí i. Kò sí hóró ìrẹsì kan níbẹ̀. Omi ni, ó kún dẹ́nu.

Ó gbé e padà bí ẹni gbé ẹyin. Màmá wò ó títí.

"A kì í dá abọ́ padà lófìfo," ni wọ́n sọ jẹ́jẹ́. Wọ́n tọ́ ọ wò. Ojú wọn yí padà. "Omi amù ni."

"Amù wo, Mọ́mì?"

Màmá kúnlẹ̀ sínú yanrìn, wọ́n ní, "Ẹ ṣé o." Adédọ̀tun náà dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló kọjú sí.

"Mọ́mì, ẹ má bínú."

"Dìde, Dọ̀tun. Yanrìn gbóná."

Wọ́n mu díẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, wọ́n bu ìyókù sí rádíétọ̀. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí èyí tó ṣì gbóná.) Wákàtí méjì ni wọ́n fi wà á dé ìlú kékeré kan. George, bàbá arúgbó kan tó ń tún mọ́tò ṣe níbẹ̀, ṣí iwájú ọkọ̀, ó sì fọwọ́ lẹ́rán. Rọ́bà tó ń gbé omi ti ya láti òkè délẹ̀. Ó ní kò yẹ kí omi dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Síbẹ̀, rádíétọ̀ kún.

Ó béèrè ibi tí wọ́n ti rí omi.

Adédọ̀tun wo Màmá. Màmá wo Jessica. "Sọ fún un pé aládùúgbò ló fún wa."

"A neighbor," ni Jessica wí.

George wo ọ̀nà tí wọ́n gbà wá. Ó wò ó pẹ́.

Màmá padà sí Ìsẹ́yìn ní oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn, Adédọ̀tun dúró sídìí sítóòfù, ó pè wọ́n.

"Mọ́mì, kọ́ọ̀pù ìrẹsì mélòó ni kí n sè?"

"Ẹ̀yin mélòó lẹ ń jẹun?"

"A kù mẹ́ta."

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

Ó sè é fún mẹ́rin. Ike náà wà lórí pẹpẹ. Fèyísọ́lá kò jù ú nù.

Ta ló dáhùn? N kò mọ̀. Bí mo bá ní mo mọ̀, irọ́ ni mo pa. Ṣùgbọ́n mo ní iṣẹ́ àṣetiléwá fún yín. Lónìí, kí ẹ tó jẹun, bí ẹ tilẹ̀ dá wà nínú ilé, ẹ sọ ọ́ sókè: Ẹ wá jẹun o. Ẹ má tíì bu òkèlè. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ fetí sílẹ̀.