Ìyá Tó Ń Ti Jáńgílọ́fà

"Màámi, èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ló kọ́kọ́ bí mi?"

Bí ìbéèrè náà ṣe jáde lẹ́nu ọmọ náà gan-an nìyẹn. A kò bù mọ́ ọn, a kò bù kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá wù lè pè é ní àlọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú yàrá náà mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀.

Oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n ń jẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọmọ náà. Pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí bó ṣe máa ń fì sọ́tùn-ún fì sósì bó bá ń rìn. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì.

"Èmi àti ta ni?" ni ìyá béèrè.

"Ẹ̀yin àti ìyá tó ń tì mí ní jáńgílọ́fà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Obìnrin tí kò lórogún nílé, ó ti lọ he ọ̀kan níta."

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló wá pápá ìṣeré tí jáńgílọ́fà náà wà kàn. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, onílé tó wà nísàlẹ̀ kò sì fẹ́ gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀ ọmọ. Nítorí náà ni ìyá fi ń fa Pẹ́pẹ́yẹ lọ́wọ́, tí wọ́n ń wá ibi ìṣeré ọ̀fẹ́ kiri ìgboro. Ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ wọ́n sí. Èyí tó wà nítòsí ilé ìfìwéránṣẹ́, àfọ́kù ìgò kún inú yanrìn rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́bàá odò, wọ́n ti fi géètì sí i, wọ́n ti ń gbowó. Oníbàárà kan tó wá gba síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló júwe ẹ̀yìn ilé ìkàwé fún un. Ọ̀fẹ́ ni. Igi ńlá kan ń ṣíji bo àga àwọn òbí.

Òfin kan ṣoṣo ni ibẹ̀ ní. Bàbá aṣọ́gbà tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà á fún òbí ní páálí kékeré tó ní nọ́ńbà, á sì fi okùn so irú rẹ̀ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Bí nọ́ńbà méjèèjì kò bá bára mu, ọmọ kò ní jáde.

"Kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ," ni bàbá náà máa ń wí.

Àṣìṣe kan ni ìyá ṣe. Ó ti gba aṣọ ilé-ìwé ogójì láti rán, ó sì máa ń kó èyí tó kù kó fọwọ́ ká etí rẹ̀ lọ sórí àga abẹ́ igi. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn gbójú sókè. Bí Pẹ́pẹ́yẹ bá ní, "Màámi, ẹ wá tì mí," á ní, "Mò ń bọ̀, jẹ́ n ká ẹyọ kan yìí tán."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọmọ béèrè ìbéèrè yẹn, kò pe ìyá rẹ̀ rárá.

Ìyá gbójú sókè. Jáńgílọ́fà ń lọ, ó ń bọ̀. Kíìn. Kíìn. Ó ń ga ju ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin lè gbé e dé. Kò sẹ́ni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà sì ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ìyá kò gbọ́ rí nílé.

Ẹ̀rù kọ́ ló kọ́kọ́ bà á. Owú ló jẹ ẹ́.

Nígbà tó ń bọ́ aṣọ lọ́rùn ọmọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó rí i pé etí gáùn tó ti tú láti ọjọ́ mẹ́ta, tí ìyá ń sọ pé òun á rán bí òun bá ráyè, ti di rírán. Ó gbé e súnmọ́ iná. Ipa abẹ́rẹ́ lára rẹ̀ wẹ́, ó tò bí eyín ọmọdé. Ọdún mẹ́wàá ló ti ń ránṣọ, kò lè rán irú rẹ̀.

Ó mú abẹ, ó tú u. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ rán an padà. Kò dára tó ti tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kò gbé aṣọ kankan dání. Ó dúró gbọnyin lẹ́yìn jáńgílọ́fà, ó ń tì í. Ṣùgbọ́n bó bá ti tì í lọ, yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó padà, bí ẹni pé wọ́n ń gbà á lápá ọ̀hún.

"Màámi, ẹ kúrò," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí jẹ́jẹ́. "Ẹ ń dí i lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju abẹ́rẹ́ lọ. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sọ̀, ó fà á dé ẹnu ọ̀nà, ó na páálí rẹ̀ sí bàbá aṣọ́gbà. Mẹ́rìnlá. Bàbá náà wo ọwọ́ ọmọ.

Méje.

"Ìyá, ẹ̀yin kọ́ lẹ mú ọmọ yìí wọlé."

"Bàbá, ojú mi lẹ ṣe so ó mọ́ ọn lọ́wọ́."

"Mẹ́rìnlá ni mo so. Mo mọ ohun tí mo so." Ó na ọrùn wo inú pápá. "Ta ló ni méje?"

Jáńgílọ́fà nìkan ló ń dún, kò sì sọ́mọ lórí rẹ̀. Kíìn. Kíìn. Ó dúró lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà téèyàn fọwọ́ dì í mú.

Bàbá aṣọ́gbà tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ìyá fún ìgbà díẹ̀. Ó mi orí bí ẹni tó ń gbọ́rọ̀. Ó gé okùn ọwọ́ ọmọ náà.

"Ó ní kò burú," ló wí. "Ẹ máa lọ."

Wọn kò padà síbẹ̀ mọ́. Ìyá fa ìlà lé e nínú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Pẹ́pẹ́yẹ kò sùn. Kò sunkún. Ó kàn ń lajú sílẹ̀, ara rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, síwájú, sẹ́yìn. Òru mẹ́ta. Bàbá tòògbé lẹ́nu iṣẹ́, odindi ààrò búrẹ́dì jóná mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Mú un padà lọ síbẹ̀," ló wí ní òru kẹrin, lórí ẹní tó nà sí nílẹ̀.

"Kí n mú ọmọ mi lọ fún ta ni?"

Bàbá fa aṣọ borí.

Ìyá dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. Ó ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bó ṣe máa ń ṣe é kọ́ nìyẹn," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí.

Ojú ọmọ náà ti pọ́n. Ètè rẹ̀ ti bó. Ìyá wò ó títí. Ó wá fa ọmọ náà mọ́ra, àyè ṣẹ́kù láàárín ẹ̀yìn ọmọ àti ògiri.

"Ẹ máa bọ̀," ló sọ fún ògiri, lóhùn ẹni tó ń yá orogún níyọ̀. "Títí tó fi máa sùn nìkan o."

Ibùsùn dún. Kíìn.

Aṣọ tó wà lẹ́yìn ọmọ náà tẹ̀ wọnú, ó dìde. Ó tẹ̀ wọnú, ó dìde. Ojú Pẹ́pẹ́yẹ pa dé. Lórí ẹní nílẹ̀, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ìyá nìkan ló lajú. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú ṣinṣin, ó ní òun kò ní sùn.

Nígbà tó yá, aṣọ náà kò tẹ̀ mọ́. Ìyá rò pé àlejò náà ti lọ.

Ibùsùn dún lápá kejì. Ọwọ́ kan bà á lẹ́yìn, òun ìyá gan-an. Ó tutù, ó sì fúyẹ́, ó ń gbá a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò yíjú padà. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Ojú rẹ̀ ń wúwo. Ó fẹ́ na ọwọ́ rẹ̀, ó sì kan okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n so mọ́ òun fúnra rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́, àti páálí kékeré tó rọ̀ mọ́ okùn náà.

Kò lágbára mọ́ láti gbé e súnmọ́ iná kó wo nọ́ńbà rẹ̀. Ó sùn.