Ẹni Tó Gbé Bátìrì Wá

Ọ̀sán gangan ni Motọ́lání kọ́kọ́ rí Tìrìmísíyù. Ó dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Pápá Àjàó, ó ń fi omi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgúnpá. Ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ ti lu káàkiri, ihò wẹẹrẹ wẹẹrẹ, oòrùn sì ń gba inú ihò náà tàn sí i lára.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni Muṣin Kìíní?"

Ọkùnrin náà wo báàgì kọ̀ǹpútà tí Motọ́lání gbé kọ́ èjìká. "Èmi náà ni, Àǹtí. Ẹ wọlé, iná wà."

Yaba ni Motọ́lání ń gbé, nínú yàrá kan ṣoṣo, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ètò orí fóònù ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ó wà lára àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti pín ètò ọ̀fẹ́ kan tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́. Kò sí ojúkò kan tí wọ́n ti ń gbà á. Ẹni tó bá ti ní in á ṣí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn tó kù máa bù ú lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ayélujára. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń pa tiwọn bí iná bá ti lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní Muṣin Kìíní lórí ayélujára nìkan ni kì í kú, ọdún kejì rèé, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ẹni tó ni ín.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ọjọ́ mẹ́ta ni ò ti síná ní Yaba, ètò tuntun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Motọ́lání kọ ọ́ sójú ìwé ẹgbẹ́ wọn lórí ayélujára pé òun ò ríbi fi wáyà sí. Muṣin Kìíní dáhùn pé, "Ẹ máa bọ̀ ní Pápá Àjàó. Iná kì í lọ lọ́dọ̀ mi."

Bátìrì ínfátà, tó ń fúnni níná bí iná ìjọba bá lọ, ni Tìrìmísíyù ń tún ṣe. Bó bá tún ọ̀kan ṣe tán, ó gbọ́dọ̀ fi nǹkan sí i kó lè mọ iye wákàtí tó máa gbé. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan ló fi ń dán wọn wò, bí ọ̀kan bá sì ti ń rẹ̀, òmíràn ti wà nílẹ̀.

"Ṣé wọ́n ní kó o máa pín in ni?" Motọ́lání bi í nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n ti fi "ẹ kú iṣẹ́" sílẹ̀ nígbà yẹn, "o" ni wọ́n ń pe ara wọn.

"Ọ̀fẹ́ ni mo gbà á. Ta ni mo wá fẹ́ tìlẹ̀kùn mọ́?"

"Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ ńkọ́? Ṣé eku ló ń jẹ ẹ́?"

"Ásíìdì ni. Ṣé o fẹ́ bá mi rán an?"

"Mi ò mọ abẹ́rẹ́ dì mú."

"Háà, mo ti ríyàwó tí ò lè ránṣọ."

Motọ́lání rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri. Láti ìgbà náà, kò sí Sátidé tí kì í wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá wá sí Pápá Àjàó. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, Tìrìmísíyù á sìn ín dé ibùdókọ̀ Ojúwoyè. Ibẹ̀ ló ti sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Tọ́lání mi, Sátidé nìkan ò tó mi mọ́." Òun náà ní kò tó òun.

Ṣùgbọ́n Motọ́lání ò mú un dé Yaba rí. Bí Mabel, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́, bá bi í pé ta ló ń pè é, á ní ẹ̀gbọ́n òun kan ni.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe ìpàdé. Jídé, ọ̀gá Motọ́lání, yọ̀ǹda gbọ̀ngàn tó wà lókè ilé iṣẹ́ wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ínfátà ibẹ̀ kọṣẹ́, Motọ́lání sì pe Tìrìmísíyù. Ó gbé bátìrì léjìká gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta, òógùn bò ó, ṣẹ́ẹ̀tì oníhò náà ló wọ̀. Ó gbé bùbá funfun tó ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ dání nínú ọ̀rá, kó lè pààrọ̀ bó bá ṣe tán, kó sì jókòó sí ìpàdé.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ tó ń so wáyà ni Jídé bá wọn. "Motọ́lání, ta ni bọ̀dá yìí?"

Mabel yíjú sí i. Motọ́lání la ẹnu. "Ẹni tó bá wa gbé bátìrì wá ni."

Tìrìmísíyù ò gbórí sókè. Ó so wáyà tó kù, iná tàn. "Ó ti ń ṣiṣẹ́, Àǹtí," ló wí, ó mú ọ̀rá rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Jídé ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ nísàlẹ̀.

Nígbà tí ìpàdé wọra, Mabel ka orúkọ àwọn tó pín ètò náà jù lọ. Muṣin Kìíní ló ṣáájú. "Ṣé ó wà níbí?" Motọ́lání nìkan ló mọ̀ nínú gbọ̀ngàn náà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí wọn ò rí. Motọ́lání wo ìsàlẹ̀ láti ojú fèrèsé: Tìrìmísíyù jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, oúnjẹ tí ò ṣí àti ọ̀rá bùbá wà lórí itan rẹ̀, òun náà ń bá wọn pàtẹ́wọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ìtìjú bá Motọ́lání sùn, ó bá a jí. Bó bá ń fọ ẹnu, kì í lè wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí. Ó pe Tìrìmísíyù lórí fóònù, ó sì gbọ́: "Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ẹ má bínú, mo wà lẹ́nu iṣẹ́." Ì bá sàn kó bú u. *Ẹ* yẹn ló ń dùn ún wọ egungun.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti gba àtúnṣe tó jáde, ó sì rí i pé Muṣin Kìíní ló ń bù ú fún un, bó ṣe ń bù ú fún gbogbo ayé. Ó pa kọ̀ǹpútà náà dé, ó sunkún.

Lẹ́yìn náà ló kọ̀wé sí ẹgbẹ́: "Muṣin Kìíní wà pẹ̀lú wa lọ́jọ́ ìpàdé. Òun ló gbé bátìrì wá. Ọkùnrin tí mo fẹ́ràn ni, mo sì sẹ́ ẹ níṣojú yín nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀." Àwọn kan bú u. Mabel ní kí ló kàn án láti sọ ọ́ síta. Jídé gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá níbi iṣẹ́ láìkí i.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ sí Pápá Àjàó láìpe ẹnikẹ́ni.

"Mo ti kà á," ni Tìrìmísíyù wí. "Ẹ ò purọ́ lọ́jọ́ yẹn, Àǹtí. Èmi ni mo gbé bátìrì wá."

Motọ́lání kúnlẹ̀.

"Dìde, Tọ́lání, ásíìdì wà nílẹ̀."

Àwọn méjèèjì ló gbọ́ bó ṣe pè é. Tìrìmísíyù fi ọwọ́ tútù fà á dìde.

"Mi ò ní tijú rẹ mọ́ láéláé," ni Motọ́lání wí.

"Má ṣèlérí yẹn. Ìtìjú ṣì máa dé lọ́jọ́ mìíràn. Bó bá ti dé, èmi ni kó o kọ́kọ́ sọ fún."

Ó tó oṣù mẹ́ta kí Motọ́lání tó mú un lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Súrùlérè. Bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, bi àlejò náà pé yunifásítì wo ló lọ.

"Mi ò lọ, sà. Iṣẹ́ bátìrì ni mo kọ́."

Ìyá rẹ̀ ń wo ọwọ́ Tìrìmísíyù, níbi tí ásíìdì ti bó o funfun. Motọ́lání mọ̀ pé ìtìjú ti ń bọ̀. Ó rọra sọ sí Tìrìmísíyù létí pé, "Ó ti dé."

"Mo mọ̀," ni Tìrìmísíyù sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Jẹ́ kó jókòó."

Motọ́lání gbójú sókè. "Bàbá, Màámi, èmi ni mo mú un wá. Òun ni mo fẹ́ fẹ́."

"Mọ́ṣáláṣí ló ń lọ?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ṣọ́ọ̀ṣì lèmi ń lọ. A ti jọ sọ ọ́ dáadáa," ni Motọ́lání dáhùn.

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́.

"Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n wà?" ló bi Tìrìmísíyù.

"Wọ́n wà, sà. Pápá Àjàó náà ni wọ́n ń gbé."

"Ọjọ́ wo ni wọ́n máa ráyè wá kí wa?"

Tìrìmísíyù dìde lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Motọ́lání kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.